Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì: Kì í ṣe iná iwájú ló ń dín ìrìn rẹ̀ kù, ẹ wo ibi tí rewáyà ti fa wáyà

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan lágbára tàbí kò lágbára, kó gbé e gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Láti Arámọkọ lọ sí Ìtawúrẹ́, láti Ìtawúrẹ́ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, tàbí kó yà sí apá Ìjerò, òkè ni yóò máa gùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà àti àwọn onímárúwá tó ń ná ọ̀nà wọ̀nyí mọ̀ pé epo tí wọ́n ń jó níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n ń jó lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti di ohun ìgbàgbé, tí owó lítà kan sì fò láàárín ọjọ́ díẹ̀ láti ohun tí kò tó 200 náírà sí nǹkan bí 500 náírà, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò ti ń wádìí nípa ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lo bátìrì dípò epo. Oníbúrẹ́dì tó ń kó ọjà káàkiri, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá, oníṣòwò iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè kò ju ọ̀kan lọ: ṣé yóò gbé mi délé kí bátìrì tó tán? Nítorí ìbẹ̀rù yìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn awakọ̀ tó bá rí i pé bátìrì ti ń lọ sílẹ̀ ni pé kó pa iná iwájú, kó pa rédíò, kó sì yọ fóònù tó ń gba iná lára ọkọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni àwọn nǹkan kéékèèké yìí ń jẹ bátìrì tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ pín sí méjì, ó sì yẹ kí oníṣòwò mọ méjèèjì kó tó náwó. Ẹni tó pa iná iwájú lóru kó lè délé ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ìrìn tí kò ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iná kékeré àti rédíò kan náà lè gba ìdá kan nínú márùn-ún ìrìn kẹ̀kẹ́ lójúmọ́, bí rewáyà bá fa wáyà wọn láti ibi tí kò yẹ.

BÁTÌRÌ ÀTI EPO KÌ Í ṢE ẸGBẸ́

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iná. Gílóòbù 20 wọ́ọ̀tì tó bá tàn fún wákàtí kan ti lo 20 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bó bá tàn fún wákàtí mẹ́ta, ó ti lo 60. Yúníìtì kan tí a ń rà sórí mítà iná nílé jẹ́ 1,000 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Kò sí àdììtú kankan nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: iye wọ́ọ̀tì, ní ìlọ́po iye wákàtí.

Lítà epo bẹntiróòlù kan ní agbára tó tó nǹkan bí 9,000 wọ́ọ̀tì-wákàtí nínú. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà máa ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára yìí di ooru lásán, tó ń gba sàlẹ́ńsà àti ara irin jáde. Bóyá ni ìdá kan nínú mẹ́rin fi ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, bí ọlọ́kadà bá tan iná iwájú láti Arámọkọ dé Adó-Èkìtì, kò lè rí ìyàtọ̀ kankan nínú táǹkì epo rẹ̀. Ohun tó ń ṣòfò fúnra rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí iná ń jẹ lọ.

Ti bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kadà oníbátìrì kan tí wọ́n kọ 72V 40Ah sí ara bátìrì rẹ̀. Bí a bá sọ 72 di ìlọ́po 40, yóò fún wa ní 2,880 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Gbogbo agbára inú bátìrì ńlá tó wúwo yẹn kò ju ti ìdá kan nínú mẹ́ta lítà epo kan lọ. Ohun tó ń gbà á sílẹ̀ ni pé mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi agbára ṣòfò bíi ti ẹ́ńjìnnì: ó ń sọ ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ di ìrìn. Àpò kékeré ni, àmọ́ ọwọ́ tó ń ná an mọ̀ ọ́n ná. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lo bátìrì fi ní láti mọ gbogbo ohun tó ń ti ọwọ́ bọ àpò yẹn.

ẸNI TÓ JẸ PÚPỌ̀ ÀTI ẸNI TÓ JẸ DÍẸ̀

Kò dára kí a máa lo bátìrì tán pátápátá. Nítorí náà, nínú 2,880 yẹn, ẹ jẹ́ ká ní 2,400 la fẹ́ ná lójúmọ́. Bí ọ̀kadà náà bá ń jẹ 40 wọ́ọ̀tì-wákàtí lórí kìlómítà kan, pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ àti ọ̀nà tí kò fi bẹ́ẹ̀ le, 60 kìlómítà ni yóò rìn. Ẹ fi 40 yìí sọ́kàn, òun la ó máa fi wọn ohun gbogbo.

Gílóòbù iwájú LED tó jẹ́ 20 wọ́ọ̀tì, tó tàn fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́, lo 60 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Kìlómítà kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, tó jẹ́ 35 wọ́ọ̀tì, yóò lo 105, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà méjì àti ààbọ̀. Iná ẹ̀yìn 5 wọ́ọ̀tì fún wákàtí mẹ́ta kan náà kò gbà ju 15 lọ, kò tó ìdajì kìlómítà. Fèrè ọkọ̀ lè jẹ́ 30 wọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tilẹ̀ fọn ọ́n títí, bóyá ni àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ fi máa ń kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta lóòjọ́. Ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ń gbà kò tó ìrìn 40 mítà. Iná tí a fi ń júwe pé a fẹ́ yà kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù awakọ̀ fúnra rẹ̀, bó bá ti gbẹ pátápátá tí a sì fún un ní iná títí tó fi kún, yóò gba nǹkan bí 25 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Ìrìn 600 mítà ni.

Ẹ wá wo òkè. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀kadà, awakọ̀, èrò kan àti àpò ẹrù jọ wọn 300 kílógíráàmù, wọ́n sì fẹ́ gun òkè tó ga ní 100 mítà láti ìsàlẹ̀ dé orí. Agbára láti gbé ìwọ̀n yẹn sókè nìkan, láìka ìrìn ojú ọ̀nà mọ́ ọn, tó 82 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bí a bá fi ohun tó ń ṣòfò nínú mọ́tò àti wáyà lé e, yóò sún mọ́ 100. Òkè kan ṣoṣo ti gba ohun tí gílóòbù LED iwájú yóò fi tàn fún wákàtí márùn-ún. Ẹni tó bá sì ń lọ láti Ìtawúrẹ́ sí Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé kì í ṣe òkè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ oníbátìrì kan máa ń dá agbára díẹ̀ padà sínú bátìrì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, ohun tí wọ́n ń dá padà kì í sì í tó ohun tí wọ́n ná láti gòkè.

Ẹrù àpọ̀jù, eré àsápajúdé àti táyà tí afẹ́fẹ́ kò kún inú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí àti òkè ló ń jẹ bátìrì. Awakọ̀ tó bá fẹ́ délé lóru, tí bátìrì rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, kó dín eré kù, kó fi iná rẹ̀ sílẹ̀. Ó lòdì sí òfin ìrìnnà pé kí èèyàn máa wa ọkọ̀ lóru láìtan iná. Ojú ọ̀nà olókè tó ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́, tí tírélà àti ọkọ̀ akérò ń gbà, kọ́ ni ibi tí èèyàn yóò ti máa ṣọ́ kìlómítà kan àti ààbọ̀ nínú òkùnkùn.

DÍẸ̀ DÍẸ̀ NI IMÚ ẸLẸ́DẸ̀ Ń WỌGBÀ

Èyí kò ní kí a máa sọ pé àwọn nǹkan kéékèèké kò lè ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń sọ wọ́n di ńlá ni àkókò. Òkè máa ń gba tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò sì tán. Rédíò àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde máa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, yálà ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró sí gáréèjì tó ń dúró de èrò.

Rédíò kékeré tó ń lo 10 wọ́ọ̀tì, bó bá ké fún wákàtí mẹ́jọ, ti gba 80 wọ́ọ̀tì-wákàtí, ìyẹn kìlómítà méjì. Ó ṣì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ awakọ̀ tó lọ so gbohùngbohùn ńlá mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó ń lo 60 wọ́ọ̀tì, tó sì fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ti ná 480. Kìlómítà 12 nìyẹn nínú 60. Bí owó ọkọ̀ tí ìrìn 12 kìlómítà ń mú wọlé lójúmọ́ bá kọjá owó tí orin ń fà wá, awakọ̀ yẹn ń fi èrè rẹ̀ gbọ́ orin.

Bákan náà ni ti àwọn tó bá fẹ́ fi bátìrì ọkọ̀ ṣe òwò mìíràn. Ní ìlú tí iná mànàmáná kì í dúró, kò sí ohun tó burú nínú kí awakọ̀ máa gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti fún fóònù wọn ní iná. Àmọ́ kó ṣírò rẹ̀. Fóònù mẹ́wàá lóòjọ́ jẹ́ 250 wọ́ọ̀tì-wákàtí, ìyẹn kìlómítà mẹ́fà lé díẹ̀. Bí bátìrì rẹ̀ kì í bá tán kó tó délé lálẹ́, èrè lásán ni owó fóònù. Bó bá ń tán lójú iṣẹ́, a jẹ́ pé èrò tí kò lè gbé mọ́ ló fi san owó fóònù yẹn.

Ní Cotonou àti Lomé, níbi tí ọ̀kadà oníbátìrì ilé-iṣẹ́ Spiro ti ń ṣiṣẹ́, ọlọ́kadà kì í jókòó kí bátìrì gba iná. Yóò yà sí ibùdó, yóò gbé èyí tó ti tán sílẹ̀, yóò sì gbé èyí tó kún. Níbi tí èèyàn bá ti ń sanwó pààrọ̀ bátìrì báyìí, ìyà ìfiná-ṣòfò hàn kedere: bátìrì tó tètè tán túmọ̀ sí pé yóò yára padà sí ibùdó pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ẹni tó ń fún bátìrì tirẹ̀ ní iná nílé ń san owó kan náà, ojú rẹ̀ ni kò rí i.

IBI TÍ WÁYÀ TI WÁ

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ fún àwọn tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníbátìrì nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń lo bátìrì alásíìdì, ìyẹn irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ nínú mọ́tò. Wọ́n lè to márùn-ún pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 fọ́ltì, kí wọ́n so pósítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gátíìfù èkejì títí dé ìparí, kí àròpọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ 60 fọ́ltì. Àmọ́ gílóòbù, rédíò àti fèrè tó pọ̀ lọ́jà, 12 fọ́ltì ni wọ́n ń lò. Báwo ni rewáyà yóò ṣe rí 12 láti inú 60?

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kó lo ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́nfátà, tó ń gba 60 fọ́ltì láti ara gbogbo bátìrì márààrún, tó sì ń sọ ọ́ di 12. Ọ̀nà kejì, tí kò náni lówó, ni kó fa wáyà tààrà láti ara ọ̀kan ṣoṣo nínú bátìrì márùn-ún yẹn, nítorí 12 fọ́ltì náà lòun. Iná yóò tàn, rédíò yóò ké, oníkẹ̀kẹ́ yóò sì dúpẹ́ pé òun kò ra kọ́nfátà. Ibẹ̀ gan-an ni gbèsè ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bátìrì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100Ah. Gbogbo márààrún jọ ní 6,000 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Ká ní iná àti rédíò jọ ń lo 60 wọ́ọ̀tì fún wákàtí mẹ́rin, 240 nìyẹn. Nínú 6,000, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún péré ni. Bó bá gba inú kọ́nfátà, bátìrì márààrún yóò pín in láàárín ara wọn, kẹ̀kẹ́ kò ní pàdánù ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ara bátìrì kan ṣoṣo ni wọ́n ti fà á, bátìrì yẹn nìkan ni yóò pèsè gbogbo rẹ̀. 60 wọ́ọ̀tì lórí 12 fọ́ltì jẹ́ áńpíà márùn-ún. Áńpíà márùn-ún fún wákàtí mẹ́rin jẹ́ 20Ah, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún bátìrì náà. Nítorí pé wọ́n so márààrún mọ́ra bí ìlà kan, nígbà tí ọ̀kan bá tán, kẹ̀kẹ́ kò tún gbọ́dọ̀ rìn mọ́, bí mẹ́rin yòókù tilẹ̀ ṣì ní agbára nínú. Bí iná tó jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ṣe gba ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn nìyẹn.

Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin márùn-ún jùmọ̀ gbé ìtì igi, tí wọ́n wá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹrù lé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lórí. Nígbà tó bá rẹ ẹni yẹn, gbogbo wọn ni yóò sọ igi kalẹ̀.

Ìyà rẹ̀ kò sì mọ síbẹ̀. Bí awakọ̀ bá fi tipátipá wa kẹ̀kẹ́ náà délé, bátìrì tó ti tán yẹn ni yóò bàjẹ́ nínú. Bó bá dé ilé tó sì so ó mọ́ iná, àròpọ̀ 60 fọ́ltì ni ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná ń wò, kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Mẹ́rin tó ti kún yóò máa gba iná ju bó ṣe yẹ lọ, wọn yóò gbóná, omi inú wọn yóò máa gbẹ. Ẹyọ kan tó rẹ̀ kò ní kún. Lọ́jọ́ kejì, àlàfo tó wà láàárín wọn yóò fẹ̀ sí i. Láàárín oṣù díẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ yóò máa sọ pé ọjà burúkú ni wọ́n tà fún òun, bẹ́ẹ̀ wáyà kan ṣoṣo ló pa bátìrì rẹ̀.

Ó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lálẹ́, lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí a sì tó so ó mọ́ iná, kí rewáyà fi mítà wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kún máa ń sún mọ́ 12.7 fọ́ltì, èyí tó ti lọ dé ìdajì máa ń wà ní nǹkan bí 12.2, èyí tó bá sì ti wálẹ̀ ju 11.9 lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí mẹ́rin bá wà ní 12.2, tí ọ̀kan ṣoṣo sì wà ní 11.8, bóyá bátìrì yẹn fúnra rẹ̀ ti gbó, tàbí ẹnì kan ń fa iná lára rẹ̀. Kí ẹ tọ wáyà rẹ̀ lọ kí ẹ tó dá ẹni tó tà á lẹ́bi.

ÀWỌN TÓ Ń LO MỌ́TÒ ŃKỌ́?

Ní ti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ oníbátìrì, ìṣirò kan náà ni, nọ́ńbà ló tóbi jù. Hyundai Kona tí ilé-iṣẹ́ Stallion bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọdún 2020, ní bátìrì 64,000 wọ́ọ̀tì-wákàtí, àwọn tó ṣe é sì sọ pé ó lè rìn dé 482 kìlómítà. Bí a bá pín in, nǹkan bí 133 ló ń ná lórí kìlómítà kan. Iná, rédíò àti ohun tó ń nu gíláàsì, bí wọ́n bá jọ ń lo 150 wọ́ọ̀tì fún wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò gbà ju kìlómítà méjì lé díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń lo 1,500 wọ́ọ̀tì fún wákàtí méjì kan náà gba nǹkan bíi kìlómítà 22. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán ọkọ̀ oníbátìrì márùn-ún wò. Wọ́n rí i pé nínú ooru tó tó 35 lórí ìwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, ìrìn wọn dín kù ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò oníbátìrì tún ní bátìrì kékeré kan tó jẹ́ 12 fọ́ltì, yàtọ̀ sí èyí tó tóbi. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lójú oorun, òun ló ń mú kí bátìrì ńlá ṣí. Bó bá kú, mọ́tò kò ní jí, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún fọ́fọ́. Oníṣòwò tó bá so ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ibi tí ọkọ̀ wà mọ́ bátìrì kékeré yìí, kó mọ̀ pé ẹ̀rọ tí kò gbà ju ìdajì wọ́ọ̀tì lé díẹ̀ lọ ń ná nǹkan bí 14 wọ́ọ̀tì-wákàtí lóòjọ́. Bí bátìrì náà bá jẹ́ 45Ah, tí ọkọ̀ sì wà ní pípa láìjí rárá, láàárín ọjọ́ 18 sí 19 ni yóò ti lọ dé ìdajì. Ẹni tó ń rìnrìn àjò fún oṣù kan kò gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀.

OHUN TÍ ONÍṢÒWÒ YÓÒ ṢE

Èkíní, kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà oníbátìrì, ẹ béèrè bóyá kọ́nfátà wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye áńpíà tó lè gbé. Bí ohun tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn bá ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ ra kọ́nfátà mìíràn pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa wáyà láti àárín bátìrì.

Èkejì, ẹ fi gílóòbù LED rọ́pò èyí tó ń gbóná. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní dín kù, iná tí yóò jẹ ni yóò dín kù.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lo iná lára ọkọ̀ yín sílẹ̀, pẹ̀lú wọ́ọ̀tì rẹ̀ àti iye wákàtí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí ohun tí kọ́nfátà ń fi ṣòfò, kí ẹ sì pín in pẹ̀lú ohun tí ọkọ̀ ń jẹ lórí kìlómítà kan. Ẹ ó rí iye kìlómítà tí ẹ ń tà láìgbowó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ iye tí kìlómítà kan ń ná yín. Ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná náà máa ń jẹ díẹ̀, nítorí náà yúníìtì kan lórí mítà yóò gbé ọ̀kadà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ rìn nǹkan bí 20 kìlómítà. Ẹ fi 20 pín owó yúníìtì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí bátìrì tuntun jẹ́, kí ẹ fi iye kìlómítà tí ẹ retí pé yóò rìn kó tó gbó pín in, kí ẹ sì pa méjèèjì pọ̀. Ẹ lè rí i pé owó pípààrọ̀ bátìrì wúwo ju owó iná lọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń tètè pa bátìrì fi burú ju ohun tó ń jẹ iná díẹ̀ lójúmọ́.

Lára àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti rí ní Ìjerò-Èkìtì ni lepidolite, òkúta tó ní lithium nínú, èyí tí gbogbo ayé ń wá kiri láti fi ṣe bátìrì. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe ọjà náà wà nínú ilẹ̀ Èkìtì. Àmọ́ èrè orí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní Arámọkọ, Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ bátìrì rẹ̀. Ẹ bá rewáyà yín jókòó kí ó tó gé wáyà, kí ẹ dín ẹrù kù bí òkè bá wà níwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí iná iwájú máa tàn.